Owó Tí Kò Ní Orúkọ



Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti mọ bí a ṣe ń dáwó. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe ọdún, bí ìjọ bá fẹ́ kan òrùlé, bí àdúgbò bá fẹ́ gbẹ́ kànga, akápò yóò jókòó, akọ̀wé yóò ṣí ìwé, orúkọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Lágbájá mú iye báyìí wá, Làkáṣègbè mú iye báyìí wá. Gbogbo ilé a sì pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí í bínú pé a pe orúkọ òun. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní òru, tí ó fi ìdì owó lé akápò lọ́wọ́, tí ó ní, "Gbà á, ṣùgbọ́n má ṣe kọ orúkọ mi sínú ìwé o," ọ̀rọ̀ di méjì. Àgbà tó bá gbọ́n yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Kí ni ọkùnrin yìí ń retí láti gbà padà?"

Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nínú ìtàn ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Richard Nixon. Ní ọdún 1952 ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ayé ohun tó burú nínú owó ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 1974, owó ìkọ̀kọ̀ wà lára ohun tó lé e kúrò lórí àga Ààrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, Ọ̀gbẹ́ni Nixon jẹ́ ẹni ọdún 39. Sẹ́nétọ̀ ni, láti ìpínlẹ̀ California, ẹgbẹ́ Republican sì ti yàn án láti ṣe igbákejì fún Ọ̀gágun Dwight Eisenhower, ẹni tó ń du ipò Ààrẹ. Ọ̀kan nínú ohun tí ẹgbẹ́ yìí fi ń wá ìbò ni pé ìwà ìbàjẹ́ ti kún inú ìjọba Ààrẹ Truman ti ẹgbẹ́ Democratic, àti pé àwọn ni yóò mú ìgbálẹ̀, tí àwọn yóò gbá ilé mọ́. Nixon kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí níbikíbi tó bá dé.

Àfi bí ó ti di ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, tí ìwé ìròyìn New York Post gbé e jáde pé àwọn olówó kan ní California ti ń dá owó jọ fún Nixon fúnra rẹ̀. Owó náà ju 18,000 dọ́là lọ, àwọn tó dá a sì ju 70 lọ. Ariwo ta. Àwọn tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ gbá iwájú ilé tirẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá ní kí ó yẹra. Eisenhower ní tirẹ̀ kò sọ pé kí ó lọ, kò sì sọ pé kí ó dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù náà, Nixon jókòó níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ìlú Los Angeles, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. A gbà pé nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ènìyàn ló gbọ́ ọ, àwọn kan lórí amóhùnmáwòrán, àwọn kan lórí asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Ó ní ilé tí òun ń gbé ní Washington, 41,000 dọ́là ni òun rà á, òun sì ṣì jẹ 20,000 lórí rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òun, ti ọdún 1950 ni. Ó ní ìyàwó òun kò ní ẹ̀wù onírun olówó gọbọi, ẹ̀wù òtútù tí a fi aṣọ lásán rán ló ní. Ó wá ní ẹ̀bùn kan wà tí òun gbà, tí òun kò sì ní í dá padà láéláé: ajá kékeré kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí ọkùnrin kan fi ránṣẹ́ láti Texas, tí ọmọbìnrin òun ọlọ́dún mẹ́fà sì sọ ní Checkers.

Ajá yìí ni gbogbo ènìyàn rántí. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ajá sílẹ̀, kí a di nǹkan mìíràn mú, nítorí òun ni òpó ìtàn yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Nixon fúnra rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta kalẹ̀ tí a lè fi wọn irú owó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìbá burú bí òun bá ná an fún ara òun. Ó ní ìbá burú bí a bá fún òun ní ìkọ̀kọ̀, tí a sì tọ́jú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní ìbá burú bí àwọn tó dá a bá rí ojú rere pàtàkì gbà padà lọ́wọ́ òun. Ó ní kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣẹlẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò àti olùṣírò owó tí wọ́n yẹ ìwé náà wò sọ pé kò rú òfin. Lẹ́tà àti tẹligíráàmù rọ̀ bí òjò pé kí Nixon dúró. Ó dúró, òun àti Eisenhower sì wọlé ní oṣù kọkànlá.

Kí a má bàa ṣe ojúsàájú, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà ni àṣírí tú pé Gómìnà Adlai Stevenson, ẹni tí ẹgbẹ́ Democratic fà kalẹ̀, ní àpò owó tirẹ̀. Àwọn olówó ló dá a, òun sì ń fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Illinois. Àwọn tó ti ń na ìka sí Nixon wá ká ìka wọn kò.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè bi mí pé, "Ṣé kò sí òfin ní ilẹ̀ náà ni?" Òfin wà. Láti ọdún 1907 ni a ti kà á léèwọ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ ńlá má ṣe fi owó ilé-iṣẹ́ ran ẹnikẹ́ni tó ń du ipò nínú ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Òfin ọdún 1925 sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń náwó ìbò kọ orúkọ àwọn tó fún wọn lówó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ajere ni òfin náà, omi kò lè dúró nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá kọjá ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò ní láti kọ nǹkankan sílẹ̀. Owó tí a bá ná sórí ìdìbò abẹ́lé kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń du ipò Sẹ́nétọ̀ kò gbọdọ̀ ná ju 25,000 dọ́là, ṣùgbọ́n owó tí òun fúnra rẹ̀ bá mọ̀ sí nìkan ni òfin kà sí i lọ́rùn.

Kí ni àwọn òṣèlú wá ṣe? Wọn kò mọ̀ sí i. Owó yóò máa ya bí omi òjò, àwòrán ọkùnrin kan náà yóò wà lára gbogbo ògiri ìlú, òun náà yóò sì fi ọwọ́ sí ìwé pé òun kò mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ní ọdún 1967, Ààrẹ Lyndon Johnson ti ẹgbẹ́ Democratic sọ fún àwọn aṣòfin pé ihò inú òfin yìí pọ̀ ju òfin lọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń sọ ọ́, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní agbo kan tí ẹni tó bá san 1,000 dọ́là lè wọ̀, kí ó lè súnmọ́ Ààrẹ. Ẹnu ń bú owó, ọwọ́ ń gbà á.

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, Nixon fúnra rẹ̀ di Ààrẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ wàrà fún yín, kí ẹ lè rí bí owó ìkọ̀kọ̀ ti ń wọ inú ilé ẹni tí kò mọ nǹkankan nípa òṣèlú.

Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ìjọba ló ń dá iye tí owó wàrà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá fún àwọn àgbẹ̀ tó ń sin màlúù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1971, mínísítà ètò ọ̀gbìn kéde pé iye náà kò ní í gòkè lọ́dún náà. Àwọn ẹgbẹ́ olówò wàrà sì ti ṣe ìlérí 2 mílíọ̀nù dọ́là fún ìbò Nixon. Ní ọjọ́ 23, àwọn olórí wọn jókòó pẹ̀lú Ààrẹ. Ní ọjọ́ 25, ìjọba yí ohùn padà, iye náà sì gòkè. Kí owó ìlérí náà má bàa hàn sí gbogbo ayé, a pín in sí wẹ́wẹ́, a gbà á sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké tí a dá sílẹ̀ ní Washington. Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà dùn létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni láti gba owó.

Nixon gbà lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ nípa ìlérí olówò wàrà, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe òun ló jẹ́ kí òun yí ìpinnu padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ra wàrà fún ọmọ rẹ̀ ní Chicago kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ wà. Báwo ni yóò ṣe bèèrè? Àwọn baba wa ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bí a kò bá wá mọ ẹni tó din dòdò náà ńkọ́?

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1972, Ààrẹ Nixon fi ọwọ́ sí òfin tuntun. Òfin yìí dí ọ̀pọ̀ ihò inú ti àtijọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ju 100 dọ́là ran olóṣèlú lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ààrẹ yin òfin náà. Ó ní bí àwọn ará ìlú bá mọ òtítọ́ nípa owó ìbò, wọn yóò lè gbẹ́kẹ̀lé ìdìbò. Ọ̀rọ̀ rere ni, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò ní í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 60 ló wà láàárín. Ní oṣù kejì yẹn kan náà, Maurice Stans, tí ó ti ń ṣe mínísítà ètò òwò, fi ipò náà sílẹ̀, ó sì di olórí àwọn tó ń wá owó fún ìbò Ààrẹ. Ó mú ọ̀nà pọ̀n. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń sọ fún àwọn olówó pé bí wọ́n bá tètè san kí ọjọ́ 7 tó pé, ẹnikẹ́ni kò ní í rí orúkọ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọwọ́ kan fi ọwọ́ sí òfin ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ kejì ń fi òkùnkùn polówó ọjà.

Ọjà náà sì tà. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n kó jọ kí ọjọ́ náà tó pé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, bàálù ilé-iṣẹ́ epo kan gbéra láti Houston lọ sí Washington. Ó gbé 700,000 dọ́là, owó bébà, sọ̀wédowó àti ìwé ìpín okòwò. Nínú ẹrù yìí ni sọ̀wédowó mẹ́rin wà tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 89,000 dọ́là. Wọ́n ti gba ìlú Mexico yí ká kí ojú má bàa mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, bí ìgbà tí a bá fọ aṣọ olóòórùn nínú odò ìlú ẹlòmíràn.

Ìwé orúkọ àwọn tó san owó náà wà o. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé Ààrẹ ni ẹ̀dà kan wà, ní títì pa. Ní ọdún yẹn kan náà, Sẹ́nétọ̀ George McGovern ti ẹgbẹ́ Democratic, ẹni tó wá bá Nixon díje, ti gbé orúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́ jáde láìjẹ́ pé òfin tíì mú un. A ní kí Ààrẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ó kọ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní òfin kò tíì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ńlá kan ní Washington tí wọ́n ń pè ní Watergate, níbi tí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Democratic wà. Ní òru ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1972, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan, ẹni ọdún 24, Frank Wills, ń ṣọ́ ilé náà. Ó rí i pé ẹnìkan ti lẹ nǹkan mọ́ ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kí ó má bàa tì. Ó yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí ó padà dé ibẹ̀, a ti lẹ òmíràn. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n mú ọkùnrin márùn-ún nínú ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán àti ẹ̀rọ tí a fi ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́. Owó bébà 100 dọ́là tuntun sì wà lọ́wọ́ wọn, tí nọ́mbà wọn tẹ̀lé ara.

Owó tí nọ́mbà rẹ̀ tẹ̀lé ara máa ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá tọ ipa rẹ̀ lọ sí báńkì kan ní Miami, sínú àpò owó ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, Bernard Barker. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé 114,000 dọ́là ti wọlé ní oṣù kẹrin: sọ̀wédowó mẹ́rin tó gba Mexico wá, àti ọ̀kan ti 25,000 dọ́là. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, ìwé ìròyìn Washington Post sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé owó ìbò Ààrẹ ni 25,000 náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà, Kenneth Dahlberg, sọ pé Stans ni òun fà á lé lọ́wọ́. Báwo ni owó ìbò Ààrẹ ṣe dé inú àpò ẹni tó fọ́ ilé?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ akápò àwọn tó ń wá ìbò fún Ààrẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Sloan. Owó bébà ló kún inú àpótí irin rẹ̀. Ó ti fún ọkùnrin kan, Gordon Liddy, ní nǹkan bí 199,000 dọ́là gẹ́gẹ́ bí a ti pàṣẹ fún un, láìmọ ohun tí Liddy fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí ó bi Stans léèrè pé kí ni owó yìí wà fún, Stans dá a lóhùn pé òun kò fẹ́ mọ̀, àti pé Sloan náà kò fẹ́ mọ̀. Liddy yìí ló ṣètò àwọn tó lọ fọ́ ilé. Sloan ronú títí, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Nígbà tí akápò kò bá gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹni tó mú owó wá, kò ní í pẹ́ tí kò fi ní í lè bèèrè ibi tí owó ń lọ. Owó tí kò ní orúkọ nígbà tó wọlé, kò ní í ní orúkọ nígbà tó bá jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí a mú àwọn olè náà, Ààrẹ Nixon jókòó nínú ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú Haldeman, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Haldeman sọ fún un pé àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, FBI, ti ń tọ ipa owó náà bọ̀. Ààrẹ gbà pé kí a rán àwọn olórí àjọ amí, CIA, láti lọ sọ fún FBI pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ ní kí a gbé pamọ́ sínú ọ́fíìsì ń ṣiṣẹ́ lọ, ó sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní gbangba, ohùn mìíràn ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, Nixon sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ Watergate. Ní ti owó ìbò, ó ní ó dà bí ẹni pé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ló ti ṣèèṣì rú àwọn ẹ̀ka kéékèèké nínú òfin tuntun. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, ó borí McGovern ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50. Ẹni tó wọlé báyìí, ó ṣeé ṣe kí ó wọlé láìná ìdajì owó náà.

Lẹ́yìn ìbò, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹgbẹ́ ará ìlú kan tó ń jẹ́ Common Cause ti pe àwọn tó wá owó fún Ààrẹ lẹ́jọ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1972. Ẹjọ́ yìí ló jẹ́ kí ìwé orúkọ tí a tì pa jáde sí gbangba ní ọdún 1973. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ bàálù American Airlines kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé 55,000 dọ́là nínú owó tí àwọn mú wá jẹ́ owó ilé-iṣẹ́, èyí tí òfin ọdún 1907 kà léèwọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀lé e, Gulf Oil, Goodyear àti Ashland Oil wà lára wọn.

Ohun tí olórí American Airlines sọ yẹ kí ó dá wa dúró. Ó ní kì í ṣe ìfẹ́ ni òun fi mú owó wá, ìbẹ̀rù ni. Ẹni tó wá béèrè owó lọ́wọ́ òun ni Herbert Kalmbach, agbẹjọ́rò Ààrẹ fúnra rẹ̀, ẹni tó tún ń ṣe agbẹjọ́rò fún ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn tó ń bá tiwọn díje. Bí òun bá kọ̀, ta ló mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ rí i pé òkùnkùn yìí kò ran ẹni tó ń sanwó pàápàá lọ́wọ́. Nínú òkùnkùn, a kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀bùn àti ìfipágbà. Kalmbach yìí jẹ́bi ní ilé-ẹjọ́ ní oṣù kejì ọdún 1974. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó ṣèlérí ipò aṣojú ìjọba ní ilẹ̀ òkèèrè fún ẹni tó san 100,000 dọ́là. Ju 400,000 dọ́là ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fọ́ ilé àti àwọn agbẹjọ́rò wọn, kí ẹnu wọn lè pa mọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, Nixon sọ fún àwọn oníròyìn pé ó yẹ kí àwọn ará ìlú mọ̀ bóyá oníjìbìtì ni Ààrẹ wọn, àti pé òun kì í ṣe oníjìbìtì. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1974, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí ó kó ohùn inú ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́jọ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà fi ohùn kan ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni Nixon fúnra rẹ̀ ló yan mẹ́ta nínú wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, gbogbo ayé ka ohun tó sọ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1972. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kù nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ ẹ̀yìn sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, ó fi ipò sílẹ̀, Ààrẹ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo tó tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Gerald Ford tó gba ipò rẹ̀ dárí jì í ní oṣù tó tẹ̀lé e. Stans gbà ní ọdún 1975 pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn márùn-ún nípa òfin owó ìbò, ilé-ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé e.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta ti ọdún 1952 jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí á má ṣe fẹ̀sùn kún ẹ̀sùn. Ṣé a fúnni ní ìkọ̀kọ̀, a sì tọ́jú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé àwọn tó san án retí ojú rere? A ti rí ọ̀rọ̀ aṣojú ìjọba, a sì ti rí ọ̀rọ̀ wàrà. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Láti 1952 sí 1972, ogún ọdún géérégé ni. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé irọ́ ni ohun tí Nixon sọ ní alẹ́ ọjọ́ ajá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òtítọ́ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di irọ́ lẹ́yìn náà. Àgàbàgebè kì í sábà jẹ́ ẹni tí kò mọ ohun tó tọ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó lè kọ́ni dáadáa, ṣùgbọ́n ó rò pé ẹlòmíràn ni ẹ̀kọ́ náà wà fún.

Kí ni Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn èyí? Òfin ọdún 1974 dín iye tí ẹnìkan lè fún olóṣèlú kan kù sí 1,000 dọ́là fún ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ owó ìbò. Ní ọdún 1976, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé òté tí a fi lé iye tí olóṣèlú lè ná, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ sí i pé kí orúkọ máa hàn. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ náà gba àwọn ilé-iṣẹ́ láàyè láti máa náwó tara wọn sí ọ̀rọ̀ ìbò. Láti ìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní láti dárúkọ àwọn tó fún wọn lówó ti ná owó rẹpẹtẹ, débi pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní owó òkùnkùn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ń bú u ní gbangba. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sì ti jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ìtàn Amẹ́ríkà nìkan ni mo ń sọ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 225, béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan pé kí ó sọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Ọ̀rọ̀ òfin kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọdẹ aṣọ́lé kan ló rí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, àwọn oníròyìn ló tọ ipa sọ̀wédowó, àwọn ará ìlú lásán ló lọ sí ilé-ẹjọ́ láti béèrè ìwé orúkọ. Bí wọ́n bá ti sùn, òfin ì bá sùn tì wọ́n.

Nígbà tí olóṣèlú bá dé àdúgbò yín pẹ̀lú ìlù àti ijó, tí ó ń bú àwọn olówó ìkọ̀kọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí àgbà kan nínú yín dìde, kí ó fi sùúrù bi í léèrè ohun tí a ń bi akápò ẹgbẹ́ wa: "Ọmọ wa, ìwé orúkọ tìrẹ dà?"